Ṣé ẹ̀rọ ni kó máa ka ìbò ni, àbí ọwọ́ ènìyàn? Ohun tó yẹ kí ará ìlú lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀

OlùkọÌṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ti ń bọ̀ ni àríyànjiyàn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ̀rọ ni ká lò ni, àbí bébà? Lójú tèmi, ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ kọ́ nìyẹn. Èyí tó yẹ ká bi ara wa ni pé, bí ẹni tó fìdí rẹmi bá ní òun kò gbà, kí ni ẹ ó gbé síwájú rẹ̀ tí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí, tí yóò sì lè kà fúnra rẹ̀?

Ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní Jámánì ti dá ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2009. Wọ́n ti lo ẹ̀rọ Nedap láwọn ibùdó kan nígbà ìdìbò sílé aṣòfin àpapọ̀ ní 2005. Inú ẹ̀rọ nìkan ni ìbò wọ̀, kò sí bébà kankan tí olùdìbò fojú rí. Ilé-ẹjọ́ ní lílò ó bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, torí pé ará ìlú tí kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ rárá gbọ́dọ̀ lè yẹ àwọn ìgbésẹ̀ tó ṣe kókó nínú ìdìbò àti nínú kíkà rẹ̀ wò. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fagi lé èsì 2005, torí kò sí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ṣi ìbò kà. Àìsí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mọ̀ ni wọ́n kà sí ẹ̀bi.

Òṣùwọ̀n yẹn ni mo fara mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ bá wa tú u palẹ̀. Kí ẹ sì sọ èyí tó yẹ kí ilé-ìwé fi kọ́ ọmọ nínú rẹ̀.

Amẹ̀rọ

Ẹ ṣeun, Tísà. Kí n kọ́kọ́ ya ohun mẹ́ta tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń yẹ olùdìbò wò bóyá òun ló forúkọ sílẹ̀. Òmíràn ni à ń fi dìbò tàbí tó ń ka ìwé ìbò. Ẹ̀kẹta ló ń kó èsì láti ibùdó jọ, tó ń rò ó pọ̀. Bí àkọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn kò sọ ohunkóhun nípa àwọn méjì tó kù.

Ẹ̀rọ lè ṣìnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Ní Schaerbeek, lórílẹ̀-èdè Belgium, ní 2003, olùdíje kan rí ìbò 4,096 gbà lé orí tirẹ̀. Iye tó yọ jáde pọ̀ ju ohun tó ṣeé ṣe lọ, ohun tó jẹ́ kí wọ́n fura nìyẹn. Nínú mẹ́mọ̀rì kọ̀ǹpútà, 0 àti 1 ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà. Bí 0 tó wà ní ipò kẹtàlá láti ọwọ́ ọ̀tún bá yí di 1, ohun tó máa gorí iye náà ni 4,096 géérégé. Wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò lẹ́yìn náà, wọn kò rí àbùkù kankan. Ìtànṣán láti òfurufú ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fura sí. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù níbẹ̀ ni pé, ká ní ipò keje ló yí ni, 64 péré ni ìbá gorí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ìbá fura.

Ẹ wá wo àgbègbè Northampton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, oṣù kọkànlá 2019. Wọn kò to ojú ẹ̀rọ bó ṣe yẹ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì máa jáde, ìbò 164 ni ẹ̀rọ kà fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń díje fún ipò adájọ́, nínú nǹkan bí 55,000. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ń tẹ bébà jáde fún ìbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó bébà jáde, wọ́n kà á, wọ́n sì rí i pé ẹni yẹn gan-an ló wọlé. Àṣìṣe ẹ̀rọ ló ṣẹlẹ̀ ní ibi méjèèjì, ṣùgbọ́n ní Northampton, bébà wà nílẹ̀ tí wọ́n lè padà sí.

AgadaỌwọ́

Mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ bébà di òrìṣà. Láti ayébáyé, bébà ni wọ́n fi ń ṣe màgòmágó. Wọ́n ń ti ìbò wọnú àpótí, wọ́n ń pààrọ̀ àpótí lójú ọ̀nà, wọ́n ń fi bírò sọ 1 di 7 lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ kò fi àyè gba irú èyí. Kí ló dé tí a fẹ́ padà sẹ́yìn?

AlákòósoIbùdó

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yín, Ọ̀gá, mi ò sì ní jiyàn rẹ̀. Bí a ṣe ń kà á ni ààbò, kì í ṣe bébà lásán. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀nà tó yẹ kí kíkà gbà sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irú èrú tó ń dínà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àpótí, ẹ ka iye orúkọ tí wọ́n sàmì sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ olùdìbò. Ẹ ka ìwé ìbò tí ó ṣẹ́kù, ẹ fi ìlà gba inú rẹ̀, ẹ dì í. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí fọ́ọ̀mù níṣojú aṣojú ẹgbẹ́ gbogbo. Tí ẹ bá ṣí àpótí kí ẹ tó kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ṣe èrú yóò fa nọ́ńbà orúkọ bá iye tó wà nínú àpótí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó da ìwé ìbò sórí tábìlì, ẹ ó sì kà á ní ìdojúbolẹ̀, láìwo ẹni tí wọ́n dìbò fún. Ìwé inú àpótí kò gbọ́dọ̀ ju orúkọ tí wọ́n sàmì sí lọ. Ó lè dín ní ẹyọ kan tàbí méjì, torí ẹlòmíràn máa ń mú ìwé ìbò rẹ̀ lọ sílé. Bó bá ti lé, ẹ dúró níbẹ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ ó tó yí i sójú, tí ẹ ó pín in sí òkìtì olùdíje kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àmì rẹ̀ kò dá yín lójú, ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má ṣe yanjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí àríyànjiyàn lórí ìwé kan ṣoṣo ló máa ń jẹ́ kí ojú kúrò lára àwọn tó kù. Ẹ dì wọ́n ní àádọ́ta-àádọ́ta. Ẹni tó dì í kọ́ ni yóò tún un kà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ìdì tó jẹ́ 49 tàbí 51, tàbí kí ìwé olùdíje B há sáàárín ìdì ti A. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdì bí ìwé, kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan hàn.

Àròpọ̀ gbogbo òkìtì pẹ̀lú ìbò tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ bá iye tí ẹ kọ́kọ́ kà mu. Bí kò bá mu, ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí 9 bá pín ìyàtọ̀ náà láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yí nọ́ńbà pa dà nígbà tó ń kọ ọ́: 472 tí ó di 427, ìyàtọ̀ rẹ̀ 45. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kọ iye kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Èyí náà ló ń sé ẹni tó fẹ́ sọ 1 di 7 mọ́.

Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri ibùdó kí àpótí tó kúrò níbẹ̀. Àpótí tí wọ́n pààrọ̀ lójú ọ̀nà kò lè pa fọ́ọ̀mù tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà rẹ́.

Amẹ̀rọ

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi kún un fún AgadaỌwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi bébà jí ìbò ní ẹgbẹ̀rún ibùdó yóò wá èèyàn sí ẹgbẹ̀rún ibùdó, ẹnu wọn kò sì ní lè pa mọ́ pẹ́. Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ sọ́fítíwíà, ó lè dá nìkan ṣe é. Ní Netherlands ní 2006, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú kan fi han gbogbo ayé lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn lè pààrọ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ Nedap láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà fi padà sí bébà. Ireland ní tirẹ̀ ti ná ju 50 mílíọ̀nù yúrò lọ sórí ẹ̀rọ. Agbègbè mẹ́ta péré ni wọ́n ti fi dán an wò nínú ìdìbò gbogbogbòò 2002, wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní 2012.

Bí ẹ bá sì máa lo ẹ̀rọ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ẹ má fi ìbò iye kan náà fún gbogbo olùdíje nínú ìdánwò. Bí A, B àti D bá gba 5, 5, 5, ẹ̀rọ tó gbé ìbò A fún B, tó sì gbé ti B fún A, kò ní hàn. Ẹ fún wọn ní 7, 11 àti 4, kí ẹ fi òfìfo méjì sí i, kí ẹ sì fi ọ̀kan tí wọ́n tẹ àmì méjì sí. Síbẹ̀, ìdánwò nìkan kò tó. Ní 2015, gbogbo ayé rí i pé sọ́fítíwíà inú ọkọ̀ Volkswagen mọ ìgbà tí wọ́n ń dán èéfín ọkọ̀ náà wò, ó sì ń hùwà mìíràn nígbà yẹn. Ẹ̀rọ ìbò lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

ỌmọIléÌwé

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Mo ń fi fóònù sanwó ní báǹkì, owó kì í sọnù. Kí ló dé tí mi ò lè fi dìbò?

Amẹ̀rọ

Ìbéèrè rẹ dára. Báǹkì mọ orúkọ rẹ àti ohun tí o ṣe, ìwọ náà sì ń rí ìwé àkọsílẹ̀ owó rẹ. Bí wọ́n bá yọ owó ní àyọlé, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ kígbe, wọn yóò sì dá a padà. Ìbò kò rí bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Bí a bá sì fún ọ ní ìwé tó fi ẹni tí o dìbò fún hàn, ẹni tó fẹ́ ra ìbò rẹ tàbí ọ̀gá tó ń dẹ́rù bà ọ́ níbi iṣẹ́ yóò ní kó o mú un wá kí òun rí i.

Estonia ń ṣe é láti 2005, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Káàdì ìdánimọ̀ tó ní nọ́ńbà àṣírí ni wọ́n ń lò. Èèyàn lè tún ìbò rẹ̀ dì ní ìgbà púpọ̀, èyí tó kẹ́yìn ni wọn yóò kà, ìbò orí bébà sì borí ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n fipá mú lè padà lọ yí i. Láti 2013, wọ́n lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ìbò wọn wọlé bó ṣe yẹ. Ní 2023, ìbò tó gba íntánẹ́ẹ̀tì ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi òṣùwọ̀n tí Tísà gbé kalẹ̀ wọ̀n ọ́n: ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn kíkà rẹ̀ jẹ́ ìṣirò tí àwọn onímọ̀ díẹ̀ nìkan lè tẹ̀ lé. Fún ìdí yìí, mi ò ní gba orílẹ̀-èdè tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti bàjẹ́ láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú níyànjú láti lò ó.

OlùkọÌṣirò

Ẹ jẹ́ kí n wá dá sí ibi tí ẹ̀rọ àti bébà ti lè ṣiṣẹ́ pọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi wà. Ẹ̀rọ kà á kíákíá, a wá fa ìwé ìbò díẹ̀ yọ láìmọ èyí tí yóò jẹ́, a fojú kà á, a sì wò ó bóyá ẹni tí ẹ̀rọ pè ní olúborí ló borí lóòótọ́. Colorado, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe é jákèjádò ìpínlẹ̀ odidi ní 2017.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni méjì ló ń díje, ọ̀kan ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì 45. Ìyàtọ̀ jẹ́ ìdá 10. A fẹ́ kó jẹ́ pé bí èsì ẹ̀rọ bá ṣìnà, àǹfààní tó wà pé àyẹ̀wò wa kò ní rí i kò ní ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwé ìbò bí 600 la ó fà yọ, bóyá mílíọ̀nù kan ló dìbò tàbí ogún mílíọ̀nù. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìdá 1 péré, yóò di nǹkan bí 60,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tọ́jú ohun tó kà fún ìwé kọ̀ọ̀kan, tí a sì lè fi ìwé wé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 60 tó fún ìyàtọ̀ ìdá 10, àti 600 lé díẹ̀ fún ìyàtọ̀ ìdá 1. Bí àyẹ̀wò kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó máa fà sí i, ó sì lè di kíkà gbogbo rẹ̀.

Ìlànà rẹ̀ rèé. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo àpótí àti iye ìwé inú rẹ̀. Ẹ gbé èsì àpótí kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ayé. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tó ju dáìsì olójú mẹ́wàá ní ìgbà ogún ní gbangba, kí ẹ to ohun tó jáde tẹ̀ léra di nọ́ńbà gígùn kan. Nọ́ńbà yìí la ó fi bẹ̀rẹ̀ sọ́fítíwíà tó ń yan ìwé, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe nílé láti rí i pé àwọn ìwé kan náà ló jáde.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: bí ẹ bá ju dáìsì kí èsì tó jáde, ẹni tó fẹ́ ṣe èrú yóò mọ àpótí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àkọsílẹ̀ bá sì sọ pé 500 wà nínú àpótí kan, tó jẹ́ 497 ló wà níbẹ̀, ìwé 498, 499 àti 500 kò ní sí lọ́wọ́ yín, ìṣirò yóò sì ṣòro.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ní 2020, ìyàtọ̀ kéré débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi tún gbogbo nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ìbò kà. Ní àgbègbè Floyd, wọ́n rí ìwé ìbò bí 2,600 tí wọn kò tíì fi sínú ẹ̀rọ rárá. Olúborí kò yí padà, ṣùgbọ́n ìbò àwọn èèyàn yẹn di kíkà.

AlákòósoIbùdó

Kí ẹ má gbàgbé pé bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò wúlò bí olùdìbò kò bá wò ó. Yunifásítì Michigan gbé ìwádìí kan jáde ní 2020: wọ́n ṣe ìdìbò àdánwò, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yí ohun kan padà lórí bébà olùdìbò kọ̀ọ̀kan. Láìsí ẹni tó rán wọn létí, ìdá 6.6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sọ fún òṣìṣẹ́. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró ní ibi tí bébà ti ń jáde, kó máa sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó jù ú sínú àpótí." Ní India, gíláàsì ni bébà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni wọ́n fi ń rí i kó tó já bọ́. Láti 2019, wọ́n ń mú ibùdó márùn-ún lágbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan láti fi bébà wọn wé ohun tí ẹ̀rọ kà.

AgadaỌwọ́

Èyí ti ń yé mi. Ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú ńkọ́?

Amẹ̀rọ

Ìyẹn ń sọ ẹni tó dìbò, kò sọ ohun tí wọ́n kà. Ó sì ní ìṣòro tirẹ̀. A lè to bí ẹ̀rọ náà ṣe máa le tó: bí ẹ bá mú un le, yóò máa lé onílé jáde, bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, yóò máa gba àlejò wọlé. Àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọjọ́ orí ti pa ìlà ìka wọn rẹ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù. Bó bá kọ èèyàn kan nínú ọgọ́rùn-ún, ibùdó tó ní 500 yóò ní èèyàn márùn-ún tó dúró lórí ìlà tí kò rí ìbò dì. Ìlànà ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ ṣáájú ọjọ́ náà: fọ́ọ̀mù, ẹni tó máa fọwọ́ sí i, àti iye wọn nínú èsì ibùdó.

OníṢíròÈsì

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ará ìlú lè ṣe lẹ́yìn kíkà. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kenya fagi lé ìdìbò ààrẹ, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé èsì wá sì wà lára ohun tó fà á. Ní 2022, àjọ elétò ìdìbò níbẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù ibùdó tó ju 46,000 lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè rò ó pọ̀. Ní Brazil, ẹ̀rọ ibùdó kọ̀ọ̀kan máa ń tẹ ìwé èsì rẹ̀ jáde ní gbangba bí ìdìbò bá ti parí, tí èèyàn lè fi fóònù kà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àròpọ̀ tiyín, ẹ ya fọ́ọ̀mù tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà ibùdó àti ìfọwọ́sí. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì lórí WhatsApp, kì í ṣe bí fọ́tò, torí fọ́tò ni wọ́n máa ń fún pọ̀ tí 3 àti 8 yóò fi jọra. Kí èèyàn méjì tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kọ̀ǹpútà sì fi méjèèjì wé ara. Ẹ jẹ́ kó fa ìlà pupa sábẹ́ ibùdó tí ìbò rẹ̀ ju iye tó wá dìbò lọ, àti èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ kò mu.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń gbé òfin Benford kiri lẹ́yìn ìdìbò, pé nọ́ńbà tí 1 bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó pọ̀ jù nínú èsì. Òfin yẹn wà fún nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré dé ńlá gidi. Bí ibùdó kọ̀ọ̀kan bá ní bí 750 olùdìbò, tí olùdíje kan sì ń gba ìdá 40 sí 60, àárín 300 sí 450 ni yóò wà. 3 àti 4 ni yóò bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ níbi gbogbo, láìsí èrú kankan.

OlùkọÌṣirò

Ẹ ṣeun gan-an. Fún àwọn tísà: ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀kọ́ méjì tó jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìwé ìbò 60 fún "olùdíje" mẹ́ta. Ẹ lo àmì bí i róbótó àti onígun mẹ́ta, ẹ má lo orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí orúkọ ọmọ kíláàsì, torí ìjà ni yóò dá sílẹ̀, ẹ̀kọ́ yóò sì sọnù. Kí mẹ́rin nínú ìwé náà ní àmì tó ń rúni lójú. Ẹ yan òṣìṣẹ́, aṣojú mẹ́ta àti òǹwòran. Kí tísà fi ìwé kan há sínú ìdì tí kì í ṣe tirẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kà, láìsọ fún wọn.

Ní ìgbà kejì, ẹ ní kí wọ́n jókòó ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà yí èsì yẹn, kí ẹgbẹ́ mìíràn sì sọ ìgbésẹ̀ tí yóò tú u fó. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ọmọ tó ti ronú bí olè, tó sì ti ronú bí ẹni tó ń mú olè, yóò mọ ohun tó máa wò bó bá dàgbà tó dúró gẹ́gẹ́ bí aṣojú.

ỌmọIléÌwé

Ìbéèrè kan ló kù mí kù. Bébà kékeré tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde yẹn, ṣé kì í ṣá? Ìwé tí wọ́n ń fún wa ní ọjà máa ń di òfìfo.

Amẹ̀rọ

Ó ń ṣá bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Ooru ló ń kọ̀wé sára rẹ̀, kò ní íǹkì, ooru àti oòrùn náà ló sì ń bà á jẹ́. Kí àjọ béèrè èyí tí wọ́n ṣe láti pẹ́ fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ìyàrá tó tutù, tó ṣókùnkùn ni kó wà. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí sẹ́lótéèpù wé e, kẹ́míkà inú wọn ń jẹ ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀. Àpò bébà ni kí ẹ lò, kí ẹ lẹ èdìdì tó ní nọ́ńbà mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà yẹn sórí fọ́ọ̀mù èsì kí aṣojú tó fọwọ́ sí i.